Mi Ò Mọ Ẹnikẹ́ni: Báwo Ni Mo Ṣe Máa Rí Ibi Tí Mo Ti Máa Ṣe IT?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ káàsán mà. Ẹ kú iṣẹ́. Ọmọbìnrin ni mí, ọdún kẹta ni mo wà ní yunifásítì, Microbiology, ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí, ni mò ń kà, Ògbómọ̀ṣọ́ ni ilé wa. Ní sáà tó ń bọ̀ ni a ó lọ fún IT olóṣù mẹ́fà, ìyẹn kíkọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ ti fún wa ní lẹ́tà, mo sì ti pín tèmi káàkiri Ìbàdàn àti Èkó, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ni mo fi èyí tó pọ̀ jù sí. Kò sẹ́ni tó pè mí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n ní ẹ̀gbọ́n tàbí mọ̀lẹ́bí nínú ilé-iṣẹ́ ti rí tiwọn. Bàbá mi ní kí n má da ara mi láàmú, kí n lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù oògùn ọ̀rẹ́ wọn ní ìlú wa níbí, pé wọ́n á máa fọwọ́ sí logbook mi, ìwé tí a ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí. Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, o kú ìrìn o. Àìmọ èèyàn kọ́ ló dá lẹ́tà rẹ dúró, ibi tí o fi í sí ni. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí “Ọ̀gá Àgbà” lásán, tí ẹ̀ṣọ́ gbà lẹ́nu géètì, inú fáìlì ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ló ń lọ, bí ó bá tilẹ̀ dé ibẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ sì pọ̀ lọ jàra nínú fáìlì yẹn. Ẹni tó ń tọ́jú fáìlì kò nílò akẹ́kọ̀ọ́ Microbiology. Ẹni tó nílò rẹ̀ wà nínú láàbù lẹ́yìn ilé, ó ń da agar, ohun tí wọ́n fi ń tọ́ kòkòrò, sínú àwo fúnra rẹ̀, ó ń fọ ìgò fúnra rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé lẹ́tà kan dé. Ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ló yẹ kí o dé.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ tó ní ẹ̀gbọ́n nílé-iṣẹ́, ohun tí ẹ̀gbọ́n ṣe fún ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju pé ó gbé lẹ́tà kọjá géètì lọ. Mi ò ní tàn ọ́: àwọn ibì kan wà, àwọn ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì pàápàá, tó jẹ́ pé bí o kò bá ní ẹni tó máa bá ọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ìrìn àjò lásán lo máa rìn. Fi wọ́n sílẹ̀. Láàbù kéékèèké àti àárín ni mo fẹ́ kí o dojú kọ, wọ́n sì pọ̀ ju bí o ṣe rò lọ.

Kí o má bàa máa gbọ̀n nígbà tí o bá ń sọ̀rọ̀, mọ ìtàn yìí lọ́kàn. Ọdún 1971 ni ìjọba àpapọ̀ dá Industrial Training Fund, ìyẹn ITF, sílẹ̀. Ní 1973 ni ITF bẹ̀rẹ̀ SIWES, ètò tí gbogbo wa ń pè ní IT, nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ ń ráhùn pé ẹni tó ń jáde ní yunifásítì mọ ìwé, kò mọ iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè, òfin ní kó máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún ITF lọ́dọọdún. Nígbà tí wọ́n tún òfin náà ṣe ní 2011, wọ́n fi kún un pé kí àwọn agbanisíṣẹ́ máa gba akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá fún IT. Má lọ ka òfin fún ẹnikẹ́ni lẹ́nu géètì o! Wọn ò ní ta ọ́ lómi mu. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé sàráà kọ́ lo wá tọrọ.

Níbo wá ni o ti máa rí orúkọ ẹni tó wà nínú láàbù? Nínú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín gan-an ni. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lọ fún IT ló ń kọ ìròyìn, tí wọ́n á dì í bí ìwé, tí wọ́n á sì fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ ní ẹ̀ka. Àwọn ìwé yẹn wà níbẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, eruku ti bò wọ́n. Lọ kí akọ̀wé ẹ̀ka tàbí olùkọ́ tó ń bójú tó IT yín, bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí o wo ti ọdún tó kọjá àti ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀. Má wulẹ̀ kà wọ́n láti orí dé ìdí. Ojú-ìwé ìdúpẹ́ ni kí o ṣí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ ọ́ pé, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Lágbájá, olórí quality control (ẹ̀ka tó ń yẹ ọjà wò), mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyáàfin Làkáṣègbè tó kọ́ mi bí a ti ń ka kòkòrò inú omi. Orúkọ tí o ń wá nìyẹn, pẹ̀lú ipò rẹ̀ àti ẹ̀ka tó wà. Kọ wọ́n sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, lọ sí orí tí wọ́n ti sọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Bí ó bá jẹ́ ìtàn ilé-iṣẹ́, àwòrán géètì àti àkójọ ipò àwọn ọ̀gá ló gba ogún ojú-ìwé, tí iṣẹ́ ọwọ́ kò kún méjì, a jẹ́ pé ẹni náà kàn jókòó ni. Fa igi lé orúkọ ibẹ̀, bó ti wù kí ó lókìkí tó. Ṣùgbọ́n bí o bá rí i tó sọ bó ṣe ń pèsè agar, bó ṣe ń lo autoclave (ẹ̀rọ tó ń fi ooru pa kòkòrò), èsì tó rí lára omi kànga báyìí báyìí, mú ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tí o máa kọ́kọ́ lọ.

Wá àwọn tó kọ ìròyìn yẹn lórí fóònù. Wọ́n wà ní ọdún kẹrin báyìí, tàbí kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Bi wọ́n léèrè ta ló ń fọwọ́ sí logbook wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ni ọwọ́ wọn ṣe gan-an, àti bóyá akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ń bẹ níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, ìgbà wo ló sì máa lọ. Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló ṣe kókó jù. Láàbù tó ti mọ́ lára láti máa lo akẹ́kọ̀ọ́ kì í fẹ́ kí àyè rẹ̀ ṣófo, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbé ìdajì iṣẹ́. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, sì ti da kàlẹ́ńdà wa rú débi pé kò sí oṣù kan tí kì í sí yunifásítì tó ń parí IT tiwọn. Bí o bá mọ oṣù tí ẹni kan máa kúrò, tí o dé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú, ojú olùgbàlà ni wọ́n máa fi wò ọ́.

Má gbójú fo àwọn technologist, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó láàbù yín. Akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sá tọ ọ̀jọ̀gbọ́n lọ, wọ́n á sì kọjá lára ẹni tó mọ gbogbo láàbù ìlú yìí. Àwọn technologist ló mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo, nítorí àwọn àti wọn jọ ka ìwé ni, wọ́n sì ń yá ara wọn ní kẹ́míkà. Ẹni tó bá ti rí ọ tí o ń fọ ohun èlò rẹ lẹ́yìn práktíkà, tí o kì í sá lọ, kò ní ṣòro fún un láti gbé fóònù kó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ní ti ibi tó yẹ kí o lọ, Èkó ló wà lọ́kàn gbogbo yín, mo mọ̀. Èmi á ní kí o kọ́kọ́ wo Ìlọrin, tó súnmọ́ yín. Níbẹ̀ ni olú iléeṣẹ́ Nigerian Stored Products Research Institute wà, àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí bí àgbàdo, ẹ̀wà àti iṣu ṣe ń bàjẹ́ nínú àká. Ohun tó ń ba oúnjẹ jẹ́ nínú àká, iṣẹ́ tìrẹ ni: olú tó ń hù lára oúnjẹ (fungus), kòkòrò àìfojúrí, àti májèlé aflatoxin tí olú kan ń sú sínú àgbàdo àti ẹ̀pà. Ní Ìbàdàn, IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn tó ti wà láti 1967, ni wọ́n ti ṣe Aflasafe láti bá májèlé kan náà jà. Ẹ̀yà olú kan náà tí kì í ṣe májèlé ni wọ́n ń fọ́n sóko kó lè gba àyè mọ́ èyí tó ń ṣe é lọ́wọ́. IITA máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́, àmọ́ àwọn tó ń wá a pọ̀ gan-an, nítorí náà tètè kọ̀wé, kí o sì dárúkọ ẹ̀ka tí o fẹ́. Àwọn tí èrò kì í tó bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn ni àwọn iléeṣẹ́ ìwádìí bíi NIHORT (èso àti ẹ̀fọ́) ní Ìdí-Ìṣìn, IAR&T (iṣẹ́ ọ̀gbìn) ní Moor Plantation, CRIN (kòkó) ní Ìdí-Àyúnrẹ́, àti FRIN (igi àti igbó) ní Jẹ́ríkò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn ló ń rọ́ lọ síbẹ̀, àwọn tìrẹ máa ń gbàgbé pé ewéko náà ń ṣàìsàn, ẹnì kan sì ní láti mọ kòkòrò tó ń pa á. Bí Èkó bá jẹ́ dandan, FIIRO, iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Òṣòdì, ni kí o kọ́kọ́ wò. Wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí bí gàrí àti ògì ṣe ń kan láti ìgbà pípẹ́, iṣẹ́ kòkòrò àìfojúrí sì ni kíkan yẹn.

Iléeṣẹ́ ìpèsè omi ìjọba ńkọ́? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í rántí wọn. Bẹ́ẹ̀, ní Elẹ́yẹlẹ́ àti Àṣejírè, ojoojúmọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ omi wò, nítorí mílílítà 100 omi mímu kò gbọ́dọ̀ ní E. coli, kòkòrò inú ìgbẹ́, kan ṣoṣo nínú. Àwọn ilé-iṣẹ́ píọ̀ wọ́tà tó ní láàbù tiwọn náà dára, nítorí NAFDAC ń ṣọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí o tó gbà, ní kí wọ́n fi láàbù náà hàn ọ́. Bí ó bá jẹ́ tábìlì kan àti ìwé àkọsílẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀, ọ̀rá lo máa fi oṣù mẹ́fà dì.

Ilé ìwòsàn wà ní ẹnu ọ̀nà yín níbẹ̀, ti Bowen àti ti LAUTECH méjèèjì. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ pọ̀: ìtọ̀, ẹ̀jẹ̀, ojú egbò, àti oògùn tó lè pa kòkòrò tó wà níbẹ̀. Ohun kan ni pé ní ilé ìwòsàn ńlá, àwọn tó ń kọ́ Medical Laboratory Science ló sábà máa ń ṣáájú nídìí iṣẹ́, wọ́n sì lè fi ìwọ sí ẹ̀yìn láti máa fọ ìgò. Bi wọ́n kí o tó gbà. Láàbù aládàáni kékeré nínú ìlú lè fún ọwọ́ rẹ níṣẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí o bá ti ní orúkọ èèyàn àti orúkọ ibi, jẹ́ kí a wá sórí lẹ́tà. Lẹ́tà ilé-ẹ̀kọ́ kì í sọ nǹkan kan nípa rẹ, gbogbo yín ló gba irú kan náà. So tìrẹ mọ́ ọn, ojú-ìwé kan péré, lédè Gẹ̀ẹ́sì, kí o kọ ọ́ sí ẹni yẹn pẹ̀lú orúkọ àti ipò rẹ̀. Sọ ohun tí o ń kà àti ọdún tí o wà, ọjọ́ tí IT yín bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, ẹ̀ka tí o fẹ́ wà, àti ohun tí ọwọ́ rẹ ti ṣe rí nínú práktíkà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ kì í kọ. Wọ́n á ní àwọn jẹ́ òṣìṣẹ́ takuntakun, pé àwọn lè ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Ta ló máa sọ pé ọ̀lẹ ni òun? Kọ ọ́ pé o lè pèsè agar, pé o ti ṣe Gram stain (fífi àwọ̀ kun kòkòrò kí a lè dá a mọ̀) rí, pé o mọ bí a ti ń lo maikirosíkópù. Bí o kò bá tíì ṣe é, má kọ ọ́, nítorí wọ́n lè bi ọ́ léèrè lójú ẹsẹ̀ pé àwọ̀ wo ni kòkòrò Gram-positive ń ní. Bí o bá dáhùn pé àwọ̀ elésè-àlùkò, tí o tún fi kún un pé autoclave ń pa kòkòrò ní ìwọ̀n ooru 121°C fún ìṣẹ́jú 15, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Gbé lẹ́tà náà lọ fúnra rẹ, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀, láàárín aago mẹ́wàá àti méjìlá. Àárọ̀ Ajé, ìpàdé ni wọ́n ń ṣe, ọ̀sán Ẹtì, Jímọ́ọ̀ ti gbé ìdajì wọn lọ, ìdajì yòókù ti ń palẹ̀ mọ́. Lẹ́nu géètì, kí ẹ̀ṣọ́ dáadáa bí ẹni pé bàbá rẹ ni, kí o tó sọ ohun tí o wá ṣe: “Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ sà, Ìyáàfin Làkáṣègbè tó wà ní láàbù ni mo wá rí. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ẹni tó ṣe IT lọ́dọ̀ wọn lọ́dún tó kọjá ló júwe wọn fún mi.” Ẹni tó bá dárúkọ èèyàn, wọ́n ń jẹ́ kó wọlé. Ẹni tó bá ní òun wá fi lẹ́tà sílẹ̀, géètì níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí o bá rí ìyáàfin náà, kúnlẹ̀ kí wọn, má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ gùn, kí o sì bi wọ́n ìbéèrè kan nípa iṣẹ́ wọn. Kí o tó kúrò, ní kí wọ́n sọ ìgbà tí o lè pe àwọn. Pè wọ́n ní ọjọ́ yẹn gan-an. Àmọ́ má máa fi “ẹ káàárọ̀ mà” ránṣẹ́ lórí WhatsApp lójoojúmọ́, ó ń sú àgbà.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Owó tí ITF ń san fún akẹ́kọ̀ọ́ fi ọ̀pọ̀ ọdún wà ní 2,500 náírà lóṣù, ìyẹn 15,000 fún oṣù mẹ́fà, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé. Má fi ṣètò nǹkan kan. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń fún akẹ́kọ̀ọ́ lówó ọkọ̀, àwọn mìíràn kì í fún wọn ní kọ́bọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí o kọ́kọ́ wo ibi tí o ti ní ilé tí o lè sùn. Àwọn iléeṣẹ́ ìwádìí àti ilé ìwòsàn ìjọba kan ń gba owó lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fún ohun èlò tí wọ́n máa lò. Bí ó bá jẹ́ àkáǹtì iléeṣẹ́ náà lo ń san án sí, tí wọ́n fún ọ ní rìsíìtì, kò sí ẹ̀tàn nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí o fi owó fọ́ọ̀mù tàbí owó ìdánilójú sí àkáǹtì òun fúnra rẹ̀ lórí fóònù, olè ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó pè ọ́ fún “ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò” nínú gbọ̀ngàn tí èèyàn ọgọ́rùn-ún jókòó sí, tí wọ́n wá ń kọ́ yín bí ẹ ṣe máa ta egbòogi fún mọ̀lẹ́bí yín. Dìde, kí o máa lọ sílé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ bàbá. Ṣọ́ọ̀bù oògùn kò burú fún ẹni tó ń kà nípa oògùn. Fún ìwọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún ni o máa fi kọ “mo ta Paracetamol, mo to oògùn sórí pẹpẹ” sínú logbook. Olùkọ́ tó bá wá bẹ̀ ọ́ wò á bi ọ́ pé níbo ni kòkòrò wà nínú èyí. Nígbà tí o bá sì ń gbèjà ìròyìn rẹ níwájú àwọn olùkọ́, ojú á tì ọ́. Ṣùgbọ́n o ní o kò mọ ẹnikẹ́ni, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ ńkọ́? Ẹni tó ń ta oògùn mọ gbogbo láàbù ìlú, nítorí wọ́n ń rán oníbàárà lọ ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n mọ dókítà, wọ́n mọ àwọn tó ń gbé oògùn wá fún wọn láti ilé-iṣẹ́. Bẹ bàbá rẹ kí ẹ jọ lọ kí wọn ní alẹ́ ọjọ́ kan, kí o sì bi wọ́n pé láàbù wo ni wọ́n fọkàn tán jù, ta ló sì ni ín. Bàbá á rí i pé wọ́n ti ràn ọ́ lọ́wọ́, ọ̀rẹ́ wọn náà kò ní rò pé o kọ òun.

Nígbà tí wọ́n bá gbà ọ́, gba lẹ́tà ìgbàwọlé tó ní òǹtẹ̀, fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ lọ́sẹ̀ kan náà, kí o sì lọ forúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ITF tó súnmọ́ ibi iṣẹ́ rẹ. Kọ logbook ní alẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ ṣẹlẹ̀. Àwọn tó ń kó o jọ di ìparí oṣù, a máa ń mọ̀ wọ́n, báírò kan náà ni wọ́n fi ń kọ gbogbo rẹ̀. Ní ìparí, Form 8 ITF wà tí ìwọ, ọ̀gá ibi iṣẹ́ àti ilé-ẹ̀kọ́ jọ ń kọ. Má kúrò níbi iṣẹ́ láìjẹ́ pé ọ̀gá ti kọ tiwọn.

Àwọn tó wà ní pólì tó ń ka èyí, oṣù mẹ́rin ni tiyín láàárín ND, lẹ́yìn náà ọdún kan gbáko kí ẹ tó wọ HND. Ọdún kan yẹn ni kí ẹ fara balẹ̀ yan ibi rẹ̀ jù.

Nítorí pé ọmọbìnrin ni ọ́, má jẹ́ kí n gbàgbé èyí. Kí o tó bẹ̀rẹ̀, gba nọ́ńbà olùkọ́ tó ń bójú tó IT yín, kí o sì rí i dájú pé wọ́n máa ń gbé ìpè. Bí ọ̀gá kan bá ń fi ìfọwọ́sí logbook dẹ ọ́, tàbí tó ní kí o wá bá òun nílé, sọ fún wọn ní ọjọ́ kan náà, kọ ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ tó sọ sílẹ̀, má sì pa ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́ rẹ́ lórí fóònù. Ilé-ẹ̀kọ́ lè yí ibi iṣẹ́ rẹ padà láàárín IT. Ó rọrùn ní ọ̀sẹ̀ kẹta ju oṣù kẹrin lọ, nítorí náà má dákẹ́ kí o máa retí pé yóò yí padà.